Dókítà Atẹ̀máwò àti Aláìsàn Tí Kì Í Wọlé

Bí ẹ bá rí ọkùnrin kan tí aṣọ funfun rẹ̀ le gbagidi, tí báírò márùn-ún tò sí àpò àyà rẹ̀, tí kò sì sí ẹyọ kan tí yíǹkì ń yọ lẹ́nu rẹ̀ nínú márààrún, ẹ kí i dáadáa. Dókítà nìyẹn.

Kì í ṣe dókítà lásán o. Awòlẹ́ẹ̀kanmọ̀dí ni. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ara rẹ̀ lórúkọ náà, torí ó ti dúró títí kí ẹlòmíràn sọ ọ́, kò rẹ́ni sọ ọ́.

"Àwọn dókítà kan wà tó jẹ́ pé ìbéèrè ni wọ́n ń ṣe kiri," ló máa ń wí. "Níbo ló ń dùn yín? Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Kí lẹ jẹ lánàá? Wọ́n á ní béèrè-béèrè kì í ṣìnà. Ẹni tó mọ̀nà kí ló fẹ́ béèrè sí?"

Fọ́tò mẹ́ta ló gbé kọ́ ògiri lẹ́yìn àga rẹ̀. Nínú àkọ́kọ́, ó ń wo iwájú. Nínú ìkejì, ó ń wo ẹ̀gbẹ́. Nínú ẹ̀kẹta, ó ń wo fọ́tò àkọ́kọ́, ojú rẹ̀ sì fi hàn pé ohun tó rí tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ìyá Káàdì ló mọ ọkùnrin yìí dé ìdí. Ọdún kẹrìnlá rẹ̀ nìyí lójú fèrèsé kékeré tí wọ́n ti ń gba orúkọ ní ilé ìwòsàn náà. Òun ló ń kọ orúkọ aláìsàn sí káàdì, tó ń kọ ohun tó ń ṣe é sí i, tó sì ń kó káàdì wọlé fún ọ̀gá. Ó kọ̀wé dáadáa, ó sì máa ń kọ ọ́ gún régé, torí ó gbà pé ẹnì kan ń kà á.

Ìgbà tí ọdún bẹ̀rẹ̀ ni nǹkan yí padà. Màdáámù kan wá láti ilé iṣẹ́ tó ń ṣe oògùn, bàtà rẹ̀ ń ró kò-kò-kò lórí sìmẹ́ńtì. Ó gbé oògùn tuntun kan dání, hóró funfun tí orí rẹ̀ pupa bíi ti ẹni tó dé fìlà. Orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀ gùn débi pé kò sẹ́ni tó lè pè é tán láìwúkọ́, ni àwọn aláìsàn bá sọ ọ́ ní Onífìlà-Pupa.

Màdáámù yìí kò fi owó lọ Dókítà rárá. Ó mọ èèyàn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kọ́kọ́ wo fọ́tò mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ó wò wọ́n pẹ́, ó wá rẹ́rìn-ín músẹ́.

"Dókítà tó bá kọ oògùn yìí fún èèyàn jù lọ́dún yìí," ó ní, "òun la máa gbé fọ́tò rẹ̀ síwájú kàlẹ́ńdà wa. Kò sí ilé ìwòsàn tí kàlẹ́ńdà náà ò ní dé."

Dókítà yíjú wo àwọn fọ́tò rẹ̀. "Iwájú pátápátá?"

"Iwájú pátápátá."

"Ẹ ò ní fi mí pamọ́ sínú oṣù kejì?"

"Ẹ̀yin nìkan ni, sà, láti oṣù kìíní títí dé ìkejìlá."

Ọ̀rọ̀ parí. Ẹni tó bá fẹ́ wà níwájú kàlẹ́ńdà kò ráyè máa fi ọwọ́ kọ̀wé. Kí ọ̀sẹ̀ ó tó yí po, Dókítà ti lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń gbẹ́ òǹtẹ̀, ó sì ti gbé òǹtẹ̀ kan dé tó tóbi tó ọṣẹ ìfọṣọ. Oògùn márùn-ún ló wà lára rẹ̀. Onífìlà-Pupa ló ṣíwájú. Ìkejì, oògùn ara ríro. Ẹ̀kẹta, oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn. Ẹ̀kẹrin, oògùn ikọ́. Ìkarùn-ún, fítámì, kí aláìsàn má bàa ní wọn ò ṣìkẹ́ òun. Wọ́n wá kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé: *Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ.*

Láàárọ̀, Ìyá Káàdì á kó káàdì gbogbo ẹni tó ti dé wọlé. Dókítà á tẹ̀ wọ́n láti òkè dé ìsàlẹ̀, gbàm, gbàm, gbàm, kí aláìsàn kankan tó fojú kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n á wá máa wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan láti wá gba káàdì wọn. Ẹni tí kò bá wọlé, Dókítà gbà pé ó ti sàn.

Arúgbó tí orúnkún ń dùn, gbàm. Ọmọ tó gbé bọ́tìnnì mì, gbàm. Ọkùnrin kan tí kò ṣàìsàn rárá, ìwé-ẹ̀rí pé ara òun le ló wá gbà níbi iṣẹ́ tuntun, òun náà gba oògùn ikọ́ lọ sílé. Kò pẹ́ tí àwọn èèyàn fi sọ Dókítà ní Atẹ̀máwò. Bí òǹtẹ̀ bá ti ń dún nínú yàrá, wọ́n á máa kì í kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ níta: "Atẹ̀máwò, ọmọ gbàm-gbàm! A-tẹ-arúgbó-tẹ-ọmọdé! Bí àlejò bá yà mọ́ ọn lọ́wọ́, yóò tẹ àlejò!"

Apòògùn tó wà ní òdìkejì títì kò tilẹ̀ ka káàdì náà mọ́. "Ìyá Káàdì, kí ni mo fẹ́ kà?" ló wí. "Kí n tó ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ni mo ti ń di wọ́n ní márùn-ún márùn-ún. Kí ẹni náà tó kọjá títì tán, mo ti na tiẹ̀ sí i."

Ìyá Káàdì rẹ́rìn-ín sí i. Gbogbo wọn ló ń rẹ́rìn-ín nígbà yẹn.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ fáànù. Fáànù kan wà ní àjà yàrá ìdúró tó ti dàgbà jù nínú iṣẹ́. Ìyá Káàdì ti bẹ Dókítà títí pé kó ra ìwé kan tí wọn yóò máa kọ ohun tó bá bàjẹ́ sí, kí àwọn tó ń tún nǹkan ṣe lè rí i kà.

"Ìwé wo?" Dókítà ní. "Ṣé káàdì tó wà nílẹ̀ ò tó yín kọ ni?"

Ìyá Káàdì ní ó tó. Láti ọjọ́ náà, gbogbo ohun tó bá bàjẹ́ nílé ìwòsàn náà ló ń ní káàdì. Tábìlì ní. Ìwọ̀n ní. Ti fáànù ló kún jù, torí kò sí ohun tí kò ṣe é. Ó kọ ọ́ báyìí: *Orúkọ: Fáànù. Ọjọ́ orí: ọdún mẹ́tàlá. Ibùgbé: àjà yàrá ìdúró. Ohun tó ń ṣe é: ó ń gbọ̀n, ó ń kérora, ọrùn rẹ̀ kò yí dáadáa, nígbà mìíràn, á kàn dákú.* Ó fi í sílẹ̀ de oníná.

Kí oníná tó dé, káàdì fáànù ṣèèṣì bá ti àwọn èèyàn wọlé láàárọ̀ ọjọ́ kan. Nígbà tí Ìyá Káàdì fi máa rí i, Dókítà ti tẹ̀ ẹ́. Obìnrin náà wo àjà, ó wo káàdì. Wọ́n ní kí fáànù máa lo Onífìlà-Pupa lẹ́ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀. Nígbà tó délé, ó sọ fún ọkọ rẹ̀. Káfíńtà ni ọkọ rẹ̀, èèyàn jẹ́jẹ́, tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀ ju pákó tó ń rẹ́ lọ. Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó rẹ́rìn-ín, ó di ikùn mú. Ẹ̀rín tán, kò jọ̀wọ́ ikùn náà.

"Bàbá wọn, kí ló dé?"

"Kò sí nǹkan. Ọgbẹ́ inú àtijọ́ yẹn ló tún ń jẹ mí díẹ̀díẹ̀."

Lọ́jọ́ kejì, káfíńtà wá sílé ìwòsàn. Aya rẹ̀ fi yíǹkì pupa kọ ọ́ sí káàdì rẹ̀, ó fàlà sí i nídìí lẹ́ẹ̀mejì: *Ọgbẹ́ inú.* Káàdì wọlé, gbàm, káàdì jáde. Èrò pọ̀ lójú fèrèsé lọ́jọ́ náà, Ìyá Káàdì kò ráyè gbórí sókè. Káfíńtà gba ìdì oògùn rẹ̀ ní òdìkejì títì, ó gbé e relé, ó sì lò ó bí wọ́n ṣe kọ ọ́, torí ẹni tó máa ń wọn pákó kó tó gé e ni, ó sì rò pé bẹ́ẹ̀ ni gbogbo oníṣẹ́ rí.

Nígbà tó di ọjọ́ kẹta, ó ti ká kò bí ìṣó tí òòlù ṣì lù. Kò lè jẹun, kò lè dúró. Ìyá Káàdì yẹ oògùn náà wò, ó kó o, ó sáré tọ apòògùn lọ.

"Háà!" Apòògùn gbé ìkejì, oògùn ara ríro, sókè. "Ẹni tó ní ọgbẹ́ inú kò gbọdọ̀ fẹnu kan èyí. Yóò máa họ ọgbẹ́ náà ni."

"Ẹ̀yin lẹ sì dì í fún un."

"Mi ò kà á." Ojú tì í. "Mo ti sọ fún yín pé mi ò kà á mọ́." Ó fún un ní nǹkan tí yóò mú kí inú náà rọlẹ̀ díẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní òun kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní dókítà ló gbọ́dọ̀ jókòó kó yẹ ikùn náà wò.

Ilé ìwòsàn tó tún sún mọ́ wọn, ìrìn wákàtí mẹ́ta ni nínú ọkọ̀, lójú ọ̀nà tó kún fún kòtò. Káfíńtà kò lè jókòó ti ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Èyí tó wà nílẹ̀ náà ni wọ́n ní. Ìyá Káàdì bá wọlé tọ ọ̀gá rẹ̀ lọ.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, oògùn tí ẹ kọ fún ọkọ mi..."

"Ìyá Káàdì, nínú èmi àti ẹ̀yin, ta ni dókítà?"

"Ẹ̀yin ni, sà."

"Ta ló ń kọ orúkọ?"

"Èmi ni, sà."

"Ẹ lọ kọ orúkọ."

Kò lọ. "Mo fi yíǹkì pupa kọ ọ́ pé ọgbẹ́ inú ni, sà. Ẹ ò kà á."

Dókítà dìde. Ó tún kọ́là aṣọ rẹ̀ ṣe. "Èmi? Kò sí káàdì tó dé iwájú mi tí mi ò ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Bí ojú yìí bá ti kan káàdì, ó ti rí kíndìnrín ẹni náà! Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ tí mo bá tẹ̀ ẹ́ láìwò, kí n tẹ́ lójú gbogbo ayé!"

Ọlọ́run gbọ́. Fáànù náà gbọ́, torí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀.

Ìyá Káàdì jókòó sójú fèrèsé rẹ̀, inú rẹ̀ bàjẹ́ gidigidi. Ó fẹ́ kí wọ́n wo ọkọ òun, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ń bà á láti tún gbé e wá síwájú òǹtẹ̀ yẹn. Ó wá pinnu ọ̀kan. Láràárọ̀ ni yóò máa fi káàdì fáànù sáàárín ti àwọn èèyàn. Ọjọ́ tí Dókítà bá pè é pé, "Ìyá Káàdì, kí lèyí? Fáànù nìyí!", ọjọ́ náà ni yóò mú Bàbá wọn padà wá. Dókítà tó bá lè mọ fáànù yàtọ̀ sí èèyàn, bóyá yóò mọ ikùn yàtọ̀ sí ikọ́.

Àárọ̀ ọjọ́ kìíní, gbàm. Ọjọ́ kejì, gbàm. Ọjọ́ kẹrin, ó fi kún un pé: *Apá rẹ̀ kan ti ya.* Gbàm. Ọjọ́ keje, ó kọ ọ́ pé: *Eruku ti bò ó lójú.* Gbàm. Ní ọjọ́ kọkànlá, ó jọ pé ìwúrí mú ọ̀gá wa, ó tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì. Òǹtẹ̀ gun òǹtẹ̀ lórí káàdì náà, wọ́n sì bo orúkọ mọ́lẹ̀ pátápátá. Nílé, káfíńtà ń gbẹ sí i. Àga tó ń kàn fún oníbàárà rẹ̀ kan wà níbẹ̀ láìlẹ́sẹ̀ kẹrin.

Bí wọ́n ṣe wà nìyẹn tí ìròyìn fi dé pé Dókítà ló gbégbá orókè. Kò sí dókítà tó kọ Onífìlà-Pupa tó o. Màdáámù ń bọ̀ pẹ̀lú afọ́tò.

Ní ọjọ́ tí wọ́n máa dé, inú ń ta káfíńtà débi pé aya rẹ̀ kò lè dúró de fáànù mọ́. Ó dì í mú, ó gbé e jókòó sí yàrá ìdúró, lábẹ́ fáànù gan-an. Èrò kún ibẹ̀. Màámá olórúnkún wà níbẹ̀, ìyá ọmọ tó gbé bọ́tìnnì mì wà níbẹ̀, àti ọkùnrin oníwèé-ẹ̀rí, tí wọn ò tíì fún ní ìwé-ẹ̀rí rẹ̀. Lókè orí wọn, fáànù ń yí, ó ń kérora.

Dókítà jáde. Aṣọ funfun tuntun. Páúdà lójú. Báírò ti di méje.

"Ibí yìí ni kí a ti yà á," Màdáámù ní, "láàárín àwọn aláìsàn yín. Kí ẹ sì jọ dúró pẹ̀lú ẹnì kan, ẹni tó ti lo Onífìlà-Pupa jù."

"Wọ́n pọ̀ lọ́wọ́ mi! Ìyá Káàdì! Ẹ mú káàdì ẹni tí òǹtẹ̀ mi pọ̀ jù lára rẹ̀ wá."

Ìyá Káàdì wo ọkọ rẹ̀. Ó wo Dókítà. Iṣẹ́ tí wọ́n rán an ni yóò jẹ́, àbí? Ó ṣí àpótí, ó ka òǹtẹ̀ bó ṣe tọ́ àti bó ṣe yẹ, ó sì mú káàdì náà wá pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì.

Màdáámù kà á. "Mẹ́tàlá! Òǹtẹ̀ mẹ́tàlá! Ta lẹni yìí?"

"Háà, aláìsàn mi àtàtà!" Dókítà kò tilẹ̀ wo káàdì náà. "Mo mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó."

"Wọ́n ní ó ń gbọ̀n."

"Gbígbọ̀n wo! Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dé, ọwọ́ méjèèjì ni mo fi dì í mú."

"Ó ń kérora."

"Ìkérora tó ń gún ni lọ́kàn, Màdáámù. Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà."

"Ọrùn rẹ̀ kò yí dáadáa."

"Ọwọ́ mi yìí ni mo fi yí i."

Àwọn èrò ti ń wo ara wọn lójú. Afọ́tò gbé ẹ̀rọ rẹ̀ sójú. Màdáámù ń bá a lọ: "Ọdún mẹ́tàlá. Ọmọdé ni?"

"Ọmọdé ni. Dádì ló ń pè mí."

"Apá rẹ̀ kan ti ya?" Màdáámù dáwọ́ dúró.

"Mo fi abẹ́rẹ́ rán an pọ̀!" Dókítà na ọwọ́ sókè. "Ẹ má wulẹ̀ yọ ara yín lẹ́nu. Ó ti sàn pátápátá. Ó ń jẹun. Nísinsìnyí tí a ń sọ̀rọ̀ yìí, ó ń sáré káàkiri ni!"

"Ẹ jẹ́ kí a ránṣẹ́ pè é nígbà náà. Níbo ló ń gbé?" Màdáámù gbé káàdì súnmọ́ ojú, ó ń fi ìka tọ lẹ́tà lábẹ́ òǹtẹ̀. "Ibùgbé... àjà... yàrá... ìdúró."

Lókè, fáànù ní, "Kììì... kììì... gbọ̀ọ̀n." Gbogbo èèyàn gbójú sókè lẹ́ẹ̀kan náà.

Màámá olórúnkún ló kọ́kọ́ fọhùn. "Màdáámù, òun rèé o," ó ní. "Kò parọ́. Ó mà ń sáré káàkiri lóòótọ́."

Bí ẹni pé wọ́n pè é, fáànù gbọ̀n lẹ́ẹ̀mẹ́ta, ó kérora, ó dákú. Ẹ̀rọ afọ́tò bù yẹ̀rì. Nínú fọ́tò náà, gbogbo èèyàn ló ń wo òkè, àfi Dókítà tó ń wo ilẹ̀, bóyá ilẹ̀ yóò lanu gbé e mì.

Ẹ̀rín bú. Èèyàn ń lu ara wọn ní ẹ̀yìn. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò pẹ́ kó tó yí padà, torí olúkúlùkù ti fa káàdì tirẹ̀ yọ, ó ń fi í wé ti ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Tèmi àti ti fáànù dọ́gba!"

"Orúnkún ni mo gbé wá! Ikọ́ wo lẹ gbọ́ lẹ́nu orúnkún mi?"

"Dókítà, bọ́tìnnì ọmọ mi dà?"

"Ìyá Káàdì ló ṣe mí báyìí!" Dókítà nàka sí i, páúdà ń ṣàn wọ kọ́là. "Òun ló kó fáànù wá bá mi!"

"Mo kọ ọ́ sí i, sà," Ìyá Káàdì dáhùn jẹ́jẹ́. "Fáànù ni mo kọ. Ẹ sì ní kò sí káàdì tí ẹ ò ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan rẹ̀."

"Atẹ̀máwò," ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn, "ẹ tẹ̀ ẹ́ títí, ẹ ti tẹ́!"

Màdáámù ti ń pa báàgì rẹ̀ dé. Ó ní ilé iṣẹ́ àwọn kì í ṣe oògùn fáànù, àti pé òdòdó ni àwọn yóò gbé síwájú kàlẹ́ńdà lọ́dún yìí. Bàtà rẹ̀ ń ró kò-kò-kò, ó yára ju ìgbà tó ń bọ̀ lọ.

Dókítà fẹ́ wọ yàrá rẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Káàdì ti dúró sẹ́nu ọ̀nà. Ó ti mú òǹtẹ̀ sápò ara rẹ̀. Káàdì kan ṣoṣo, ti ọkọ rẹ̀, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì nà án sí i lójú gbogbo wọn.

"Ẹ kà á, sà."

Dókítà fa báírò kan yọ láti kọ̀wé, kò yọ yíǹkì. Ó fa ìkejì, kò yọ. Ó fa gbogbo méjèèje, èrò ń bá a kà á. Ìyá Káàdì yọ ti ara rẹ̀ fún un, èyí tí yíǹkì rẹ̀ pupa. Ó gbà á. Ó ka káàdì náà sókè bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ìwé: "Ọ-gbẹ́... i-nú." Ó rọra rìn lọ sọ́dọ̀ káfíńtà, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìbéèrè náà ti pẹ́ jù lọ́nà ọ̀fun rẹ̀, ó ní láti wúkọ́ kó tó jáde.

"Bàbá," ó ní, "kí... kí ló ń ṣe yín?"

Káfíńtà fi ọwọ́ kan di ikùn mú. Ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó wá gbójú sókè sí àjà.

"Dókítà," ó ní, "ṣé èmi lẹ ń bi, àbí fáànù?"